Ọ̀sẹ̀ Iléyá n'Ìbàdàn: ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi wọ́ọ́rọ́wọ́ lo ọjọ́ kan ní mọ́ọ̀lù, ẹ wọlé síbí

IyaTaye_Challenge kọ:

Ẹ kú ọdún o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìyèdún, ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé. Ẹran ti ń tán nínú ìkòkò, àwọn àlejò ti lọ, ó wá ku èmi, màmá mi àtàwọn ọmọ nínú ilé. Ọdún yìí dẹ̀ bọ́ sí i fún wa gan-an, Iléyá bọ́ sí Jímọ́ọ̀ 6 June 2025, ìjọba fi Mọ́ńdè 9 June kún un, Tọ́sìdeè 12 June náà tún jẹ́ ìsinmi ọjọ́ tiwantiwa, iléèwé àwọn ọmọ mi náà wá so mid-term mọ́ àárín ẹ̀. Èmi náà bá gbàyè níbi iṣẹ́, mo ní ọdún yìí mi ò ní jókòó sídìí àwo ẹran títí ọ̀sẹ̀ á fi tán.

Túsìdeè la lọ sí mọ́ọ̀lù. Mi ò ní dárúkọ èwo torí mi ò bá wọn polówó, ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn mọ̀ pé wọn ò pọ̀, ẹ̀ ẹ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni bá a ṣe lò ó. A ò mú ìwé ohun tá a fẹ́ rà dání rárá. A kàn lọ rìn ni.

Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, dókítà dẹ̀ ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n má jókòó sójú kan. Níbo ni wọ́n fẹ́ rìn sí? Àdúgbò wa kòtò ni, gọ́tà tí ò ní ìdérí ni, ọ̀kadà á gba ẹ̀gbẹ́ èèyàn kọjá débi pé á fẹ́rẹ̀ẹ́ mú aṣọ lọ́wọ́, ẹ̀bá títì tó yẹ kéèyàn máa rìn, àwọn alátẹ ti gbà á. Inú ilé ni wọ́n wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìgbà tá a dé inú mọ́ọ̀lù yẹn, tí ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí kò sí mọ́tò, tí kò sóòrùn, wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká Táyé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo ń wò wọ́n látẹ̀yìn. A yí gbogbo ibẹ̀ po, a jókòó, a tún yí i po. Wọ́n ń dúró níwájú gíláàsì wo léèsì, wọ́n ní eléyìí ò tó tàwọn ará Gbági, wọ́n ní iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn yìí, èèyàn á rà á n'Gbági á tún ṣẹ́kù sọ́wọ́. Wọ́n ti tajà n'Gbági nígbà kan rí, ìdí nìyẹn. Àṣé obìnrin kan tí wọ́n jọ tajà nígbà yẹn náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ tiẹ̀, háà, wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wọn ò dìde fún ìgbà pípẹ́, gbogbo ẹni tó ti kú àti ẹni tó ṣì wà láyé ni wọ́n kà lórúkọ tán.

Òjò wá dé lọ́sàn-án, òjò June ẹ mọ̀ ọ́n, ó ń lu òrùlé gbàgàgbàgà, a ò tiẹ̀ gbé e lọ́kàn. Àwọn ọmọ jẹ ice cream, a jọ jẹ ìrẹsì, a ra búrẹ́dì gbígbóná àti bàtà kan fún Kẹ́hìndé torí tiẹ̀ ti já lọ́jọ́ Iléyá, ìyẹn náà ló tán. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, màmá mi ní ìgbà wo la tún ń bọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń lo ọ̀sẹ̀ ọdún? Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí ò ní gbówó lọ́wọ́ èèyàn jù kó sọ ọ́ síbí.

---

Omo_Mesiogo kọ:

Màmá Táyé ẹ kú ọdún. Inú mi dùn fún màmá wa, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi o, mi ò gbà pé mọ́ọ̀lù ló yẹ ká máa kó ọmọ lọ lásìkò ọdún. Ìlú tó ní Agodi Gardens, tó ní ọgbà ẹranko UI tí àwọn ọmọ á ti rí kìnnìún, tó ní Bower's Tower lórí Òkè Àrẹ̀mọ tí wọ́n ti kọ́ láti 1936, tí èèyàn á gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dókè tí á rí gbogbo òrùlé Ìbàdàn tó ti dípẹtà lẹ́ẹ̀kan náà, kí la wá ń wá níbi tí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ń bèèrè owó? Ọmọ tó bá ti rí nǹkan ìṣeré nínú gíláàsì, ó parí, á máa sunkún délé ni. Ọmọ mi ọkùnrin ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kérésì tó kọjá, mo ní kò tún lọ mọ́.

Ibi tí ewéko wà, tí atẹ́gùn wà, ibẹ̀ ni ká kó wọn lọ. Èrò tèmi nìyẹn, kẹ́ni kankan má bínú.

---

AlhajaKemi_Oluyole kọ:

Ẹ kú ọdún gbogbo ilé. @Omo_Mesiogo o ò purọ́, ṣùgbọ́n òjò ńkọ́? Iléyá ọdún yìí inú òjò ló bọ́ sí. Èèyàn ò lè máa kó arúgbó elórúnkún lọ gun Òkè Àrẹ̀mọ nínú ẹrẹ̀, Agodi náà ilẹ̀ á ti máa yọ̀.

Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Iléyá gangan o! Mo ti lọ rí, ìrìn àjò ìyà ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti kírun ní yídì tán, tí wọ́n pa àgbò tán, tó bá ti di agogo mẹ́rin, gbogbo ọ̀dọ́ ìlú ló ń wọ aṣọ tuntun, àǹkárá kan náà, dígí dúdú lójú, wọ́n á ya lọ sí mọ́ọ̀lù láti lọ ya fọ́tò. Mi ò bínú sí wọn, ọmọdé ni wọ́n, ọdún ni, aṣọ tí wọ́n ti ń dá owó ẹ̀ láti oṣù mélòó kan, wọ́n fẹ́ káyé rí i. Àmọ́ ibi tí èrò pọ̀ sí lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ò gbèrò. Ẹnu ọ̀nà, àwọn sìkúríìtì ń ti àwọn èèyàn sẹ́yìn. Níbi ìgbọ̀nsẹ̀, omi ti tán. Mo di ọwọ́ ọmọ-ọmọ mi mú ṣinṣin, síbẹ̀ ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọmọbìnrin kan tó ń ta pọfiọ́ọ̀mù ló rí i tó gbé e dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ títí mo fi débẹ̀. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Látìgbà yẹn, tí mo bá ń mú ọmọ lọ síbi tí èrò wà, mo máa ń fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù mi sí i lápá, lábẹ́ aṣọ. Mo dẹ̀ máa ń sọ fún àwọn tó ti gbọ́n pé tí a bá sọnù mọ́ ara wa, iwájú ṣọ́ọ̀bù báyìí la ti máa pàdé, kí wọ́n má kúrò níbẹ̀, èmi ni mo máa wá bá wọn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀.

Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ ọdún, bí Ìyá Táyé ṣe ṣe yẹn, ó dáa jù. Káràkátà ti lọ sílẹ̀, ilẹ̀ ti tutù.

---

BabaAgba_Dugbe kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọdún. Mò ń ka ohun tí ẹ ń kọ, ọ̀rọ̀ yìí ti gbé mi padà sẹ́yìn jìnnà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ká lọ rìn nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá lásìkò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Ìbàdàn. Ní ìgbà tiwa, Kingsway ni. Kingsway Stores, ti ilé iṣẹ́ oníṣòwò UAC, tó wà ní Dùgbẹ̀. Bàbá mi akọ̀wé ni wọ́n, owó wọn ò pọ̀, àmọ́ tí Kérésì bá ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni wá o, wọ́n á kó gbogbo wa, a ó wẹ̀, a ó fi ìpara pa ẹsẹ̀, a ó wọ sọ́ọ̀kì, a ó lọ sí Kingsway lọ wo Father Christmas. Bàbá ò ra nǹkan kan ju bisikíìtì tàbí súwíìtì lọ. À ń rìn káàkiri ni, à ń wo redio, à ń wo kẹ̀kẹ́, à ń wo bọ́ọ̀lù, à ń gbọ́ òórùn nǹkan tuntun. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ wọṣọ kan náà, wọ́n á ní ẹ káàbọ̀ sà, fún bàbá mi tí kò ní rà nǹkan kan. Bàbá mi á na ẹ̀yìn wọn dáadáa. Ó wà lójú mi títí dòní.

Nígbà tó sì di 1965 tí Cocoa House dé, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò sí ilé tó ga tó o ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nígbà yẹn, àwọn èèyàn á ti Ọ̀yọ́, wọ́n á ti Ìséyìn wá, wọ́n á dúró nísàlẹ̀ wọ́n á máa ka àwọn fèrèsé ẹ̀ títí ọrùn á fi máa dùn wọ́n. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Iná jó o ní 1985, a sunkún lọ́jọ́ náà bí ìgbà tí bàbá èèyàn kú. Wọ́n tún un ṣe. Mọ́ọ̀lù tó wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ báyìí, Heritage, tí àwọn kan ń pè ní Cocoa Mall, mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀ nígbà míì, tí mo bá ti jókòó, àwọn tí mo mọ̀ á máa kọjá, à ń kíra wa.

Nítorí náà, Omo_Mesiogo, ọmọ mi, ọmọ tó ń sunkún nítorí nǹkan ìṣeré, kò sí ohun tó ṣe é. Àwa náà sunkún. Bàbá mi á kàn sọ pé wíwò la wá wò. A gbà, torí wọ́n ti sọ fún wa látilé ká tó jáde.

---

Eko_Surulere kọ:

Bàbá ẹ ṣeun gan-an fún ìtàn yìí, ẹ pẹ́ fún wa sà.

Èmi Èkó ni mo wà. Lọ́dọ̀ wa níbí, láti ìparí 2005 tí ṣọ́ọ̀bù ńlá Shoprite àkọ́kọ́ ti ṣí ní mọ́ọ̀lù Palms ní Lẹ́kí ni nǹkan ti yí padà, mo rántí pé àwọn èèyàn á wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú wá wò ó lásìkò ọdún. Ìgbà tí mọ́ọ̀lù Adéníran Ògúnsànyà dé sí Sùúrùlérè, tí ti Ìkẹjà náà wá ṣí ní Aláùsá ní December 2011, àwa ará ẹ̀gbẹ́ ibí náà bọ́. Kí n sọ òótọ́, ohun tó ń dùn mọ́ mi níbẹ̀ lọ́sẹ̀ ọdún ni pé ojú títì Èkó dá! Èèyàn á ti Sùúrùlérè dé Aláùsá láìrí gosiló, àwọn tí wọ́n ń fa gosiló ti wà ní ìlú wọn, wọ́n ń jẹran.

Mo máa ń mú ìyàwó mi lọ sinimá ọ̀sán lọ́sẹ̀ ọdún, torí owó ọ̀sán sábà máa ń dín sí ti alẹ́. December 2023 tí fíìmù Funke Akindele yẹn, A Tribe Called Judah, jáde, èyí tó wá pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ nínú fíìmù ilẹ̀ wa ní sinimá, a wà lára àwọn tó tò, ìlà yẹn gùn, àmọ́ gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, àjèjì ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ìyẹn ò sí nínú kéèyàn máa wo fíìmù lórí fóònù nínú yàrá.

---

Abeke_NinuSoobu kọ:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀, torí èmi wà lódì kejì káńtà. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú mọ́ọ̀lù, mi ò ní sọ èwo.

Ọ̀sẹ̀ ọdún tí ẹ ń sọ yìí, àwa kì í ní ọdún. Lọ́jọ́ Iléyá mo kírun ní àárọ̀, agogo mọ́kànlá mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí, ẹran tí wọ́n pa nílé wa alẹ́ ni mo tó fojú kàn án. Orí ìdúró ni látàárọ̀ dalẹ́. Ìjókòó ò sí fún wa, ọ̀gá ní tí kọ́sítọ́mà bá wọlé tó bá wa lórí ìjókòó kò dáa. Ẹsẹ̀ mi á wú. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí yín yẹn, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Èyí tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tijú wọlé tí wọn ò bá ní owó tó pọ̀. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa yọjú, tí mo bá ní ẹ wọlé mà, wọ́n á ní rárá à ń wò ni. Ẹ wọlé kẹ́ ẹ wò! Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn wò. Èmi ò kí ń wo ẹsẹ̀ ẹni bóyá sílípáàsì ló wọ̀. Màmá kan wá lọ́dún tó kọjá, lọ́sẹ̀ Iléyá náà ni, wọ́n fọwọ́ kan gbogbo gáùn tó wà níbẹ̀, wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti rán an, wọ́n ní aṣọ yìí ìránṣọ ẹ̀ ò lágbára, wọ́n fi okùn tó ti ń tú hàn mí, aránṣọ ni wọ́n. Wọn ò rà nǹkan kan. Mo kẹ́kọ̀ọ́ lára wọn lọ́jọ́ yẹn, títí di báyìí tí ọjà tuntun bá dé, mo máa ń yẹ ojú rírán ẹ̀ wò kí n tó fi kọ́.

Ohun tó ń dun èmi ni kí èèyàn kó aṣọ mẹ́wàá wọ yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ wò, kó ya fọ́tò nínú gbogbo ẹ̀, kó wá fi wọ́n sílẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó máa lọ. Àwa la máa ṣà á, àwa la máa lọ̀ ọ́, ìpara ojú tó ti ta sí ọrùn aṣọ, wọ́n á yọ owó ẹ̀ nínú owó oṣù ẹlòmíì. Ẹ wọ̀ ọ́ wò, ẹ ya fọ́tò kan, ẹ dá a padà sórí hángà. Ẹ dákun.

Kẹ́ ẹ dẹ̀ kí wa. Ẹ kú iṣẹ́ ọdún, ó tó. Lọ́jọ́ Iléyá yìí, ọ̀gbẹ́ni kan kí mi bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọdún yín sílẹ̀ ká lè ṣe tiwa, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà. Mo lọ sẹ́yìn lọ nu ojú mi.

---

AlhajaKemi_Oluyole kọ:

@Abeke ọmọ mi, ẹ̀dùn ọkàn lọ̀rọ̀ ẹ. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó rí ọmọ-ọmọ mi fún mi, irú yín ni. Èmi pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, látòní lọ a ó máa kí gbogbo ẹni tó bá dúró.

---

Omo_Mesiogo kọ:

Bàbá Dùgbẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sà. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, pàápàá ibi tẹ́ ẹ ti ní wọ́n sọ fún yín látilé. Mo máa gbìyànjú ẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀ràn kan ò kúrò lọ́kàn mi. Ìyá Táyé ní màmá ò rí ibi rìn ládùúgbò. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro! Kí ló dé tó fi jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò nìkan ni arúgbó ti lè rìn ní ìlú tó tóbi tó Ìbàdàn? Ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́? Ṣé a ò lè ní ọgbà kékeré kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, bẹ́ǹṣì mẹ́rin, igi méjì, ilẹ̀ títẹ́jú? Mọ́ọ̀lù lè ti ilẹ̀kùn ẹ̀ nígbà tó bá wù ú, ó lè ní a ò fẹ́ ẹni tí kò rajà mọ́. Ohun tó bá jẹ́ ti ìlú, ẹnikẹ́ni ò lè lé wa níbẹ̀.

---

Enginia_Samonda kọ:

Mo gbà pẹ̀lú Omo_Mesiogo níbi tó sọ yìí. Èmi ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀ àwọn ilé ńlá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ ká fi gbogbo ọkàn lé mọ́ọ̀lù.

Òtútù tí màmá gbádùn yẹn, owó ńlá ni. Ní April 2024 tí wọ́n gbé owó iná Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa ní iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, láti naira 68 lọ sí 225 lórí kílówáàtì-wákàtí kan, owó náà fi ju ìlọ́po mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún mọ́ọ̀lù tó bá wà níbẹ̀. Tí iná bá lọ, dísẹ́ẹ̀lì ni. Gbogbo owó yìí, àwọn onílé á pín in sórí àwọn oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń pè é ní service charge, yàtọ̀ sí owó ilé. Owó ilé yẹn gan-an, ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀lù dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí náírà wá já wálẹ̀ láti June 2023, oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọjà ní náírà wá bá a níbi tí ò gbé e. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí ṣọ́ọ̀bù tó ti pa, tí wọ́n lẹ bébà mọ́ gíláàsì ẹ̀. Game, ṣọ́ọ̀bù ńlá àwọn ará South Africa, ti kó kúrò ní Nàìjíríà láti 2022. Shoprite náà, àwọn ará South Africa tó ni í ti ta á fún àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wa ní 2021.

Tẹ́ ẹ bá wá rí mọ́ọ̀lù tí wọ́n ti dín éésì kù, ẹ má bínú sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ dẹ̀ ra nǹkan kékeré kan tẹ́ ẹ bá lè rà á, kódà omi, lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà láàárín, àwọn tó ń ta gúgúrú, tó ń tún fóònù ṣe. Àwọn ló ń kọ́kọ́ ṣubú.

---

Sade_Peckham kọ:

Ẹ kú ọdún láti London. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀.

Lọ́dọ̀ wa níbí, Kérésì gangan, kò séwu pé ẹnì kan á lọ mọ́ọ̀lù, òfin ò gba ṣọ́ọ̀bù ńlá láyè láti ṣí lọ́jọ́ yẹn, rélùwéè náà ò rìn. Ọjọ́ kejì ẹ̀, 26 December, ni èrò ń ya bí omi torí ẹ̀dínwó. Tí èèyàn bá fẹ́ ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi ti màmá wa, ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún ló dáa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò ni èyí. Ọ̀pọ̀ ibi ìtajà níbí ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Shopmobility, wọ́n á yá ẹni tí ẹsẹ̀ ò gbé ní kẹ̀kẹ́ arọ tàbí kẹ̀kẹ́ oníná, á fi rìn káàkiri, á dá a padà nígbà tó bá ń lọ. Àwọn màmá ìjọ wa tí wọn ò lè dé ibi kankan mọ́ ń tipa bẹ́ẹ̀ jáde, nínú òtútù January gan-an, wọ́n á jókòó síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á mu tíì kan fún wákàtí méjì, kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n dìde. Kẹ̀kẹ́ arọ méjì péré, mọ́ọ̀lù wo n'Ìbàdàn ni kò lè ní i? Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n ń gbọ́, tí ẹni tó kọ ọ́ bá pọ̀.

---

IyaTaye_Challenge kọ:

Ẹ wò ó, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á gùn tó báyìí, ẹ ṣé gan-an ni.

Bàbá Dùgbẹ̀, mo ka tiyín sí màmá mi létí, wọ́n ní àwọn náà mọ Kingsway, wọ́n ní ẹ kú ìrántí. @Abeke wọ́n gbàdúrà fún ọ, wọ́n ní tó o bá jáde níbi iṣẹ́ kó o máa gbé ẹsẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ oníyọ̀.

@Omo_Mesiogo, mo fara mọ́ ọ pátápátá lórí ọgbà àdúgbò. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n màmá mi ò lè dúró dìgbà tí ìjọba ìbílẹ̀ máa gbìn igi, orúnkún ò mọ ìyẹn. Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lónìí ni mo máa mú wọn lọ lónìí, bá a ṣe ń béèrè tọ̀la lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tó bi mí nípa owó nínú ìnbọ́ọ̀sì: owó takisí Micra la fi ṣe pàtàkì jù, a ṣátà ẹ̀ lálọ, torí màmá ò lè máa bọ́ọ̀lẹ̀ níbì kan gun òmíràn. Mo pín owó jíjẹ fún àwọn ọmọ látilé, mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ lọ́wọ́, mo ní tó o bá fi ra ice cream ó ti tán nìyẹn. Wọ́n yí gbogbo ibẹ̀ po kí wọ́n tó ná an, Kẹ́hìndé tiẹ̀ dá díẹ̀ padà wálé. Kò sẹ́ni tó sunkún. A jẹun àárọ̀ yó kí á tó jáde, ẹran Iléyá ṣì wà. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ wá ibi ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí bẹ́ǹṣì wà kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun, arúgbó ò gbọdọ̀ máa wá ibi tó máa jókòó nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́. Kẹ́ ẹ dẹ̀ mú súwẹ́tà tàbí ìborùn dání fún wọn o, atẹ́gùn tútù éésì yẹn máa ń wọ eegun.

---

Ayo_Moniya kọ:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé síbí ni. Ẹ kú ọdún ẹ̀yin àgbà. Bàbá mi ní àrùn rọpárọsẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ arọ tiwọn. Wọn kì í jáde àfi tá a bá ń lọ ọsibítù. Tọ́sìdeè 12 June èmi àti àbúrò mi ò níṣẹ́. Ṣé ẹ rò pé a lè gbé wọn lọ? Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn èèyàn á máa wò wọ́n.

---

Abeke_NinuSoobu kọ:

Ẹ gbé wọn wá, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ ìsinmi ni o, ẹ tètè dé, láàárín agogo mẹ́wàá sí mọ́kànlá, kí èrò tó dé. Kẹ́ ẹ tó gbé wọn sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, kí ẹnì kan nínú yín kọ́kọ́ lọ bi sìkúríìtì pé ibo ni kẹ̀kẹ́ arọ ń gbà wọlé tí kò ní àtẹ̀gùn, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń kó tíróòlì sí ló máa ń tẹ́jú jù. Tí wọ́n bá ní kò sí, ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé e, wọn kì í kọ̀. Ní ti pé àwọn èèyàn á wò wọ́n, wọ́n á wò, wọ́n á kí wọn, wọ́n á kọjá. Bàbá kan wà tí ọmọ wọn máa ń tì wọ́n wá sọ́dọ̀ wa, fìlà wọn kì í yẹ̀ lórí wọn, àwa tá a wà níbẹ̀ la máa ń sáré jáde lọ kí wọn.

---

Omo_Mesiogo kọ:

Ayo, mo ní mọ́tò tí ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ̀, kẹ̀kẹ́ arọ máa wọ̀ ọ́ láìká a. Mọ́níyà ò jìnnà sí mi. Fi nọ́ńbà ẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, Tọ́sìdeè agogo mẹ́sàn-án màá ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Màá mú ọmọ mi ọkùnrin dání.